Ẹ má pè é ní éà-lọ́ọ̀kù mọ́ jàre, oru-há-lọ́fun ni

Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ ní ká máa pe nǹkan tó ń pa ọkọ̀ ìhámọ́ra àtijọ́ lójú títì ní "éà-lọ́ọ̀kù", àmọ́ onítọ̀hún kó bá wa gan-an. Ẹnì kan á tún Ferret ẹ̀ (ọkọ̀ ìhámọ́ra kékeré kan táwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì lò) ṣe tán, á gbé e jáde lọ́jọ́ tóòrùn mú, wọn ò tíì rìn jìnnà, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, á kú. Torí pé "éà" ni wọ́n gbọ́, wọ́n á ní atẹ́gùn ti wọnú páìpù epo, wọ́n á máa wá ibi tó lu, wọ́n á máa fún gbogbo kílíìpù le, wọn ò sì ní rí nǹkan kan. Kí ni wọ́n fẹ́ rí? Atẹ́gùn kankan ò wọlé látìta. Epo yẹn fúnra ẹ̀ ló hó nínú páìpù tó di oru.

Àwọn tó kàwé jù náà tún dé, wọ́n ní "àtìpa-oru" ló yẹ, torí pé "vapour lock" ni Òyìnbó ń pè é. Ta ló ti kí ni pa? Ẹni tí ò bá gbọ́ Òyìnbó tẹ́lẹ̀ ò lè mọ ohun tí wọ́n ń sọ, ńṣe lá máa rò pé wọ́n ti nǹkan kan mọ́ yàrá. Àwọn mìíràn kàn ní "ọkọ̀ ti hó", ìyẹn ò burú o, àmọ́ ọ̀rọ̀ omi rédíétọ̀ nìyẹn, àwa ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí aago ooru omi ẹ̀ wà níbi tó yẹ kó wà tó sì kú bẹ́ẹ̀.

Oru-há-lọ́fun lèmi ń pè é. Ẹnì kan bi mí pé ṣé mọ́tò lọ́fun ni. Ṣé kì í ṣe gbogbo wa la máa ń sọ pé mọ́tò yìí ń mu epo jù? Ohun tó bá ń mu nǹkan, ibo ló ń gbà wọlé tí kì í bá ṣe ọ̀fun? Ẹsẹ̀ mọ́tò ńkọ́, ṣé ẹnikẹ́ni bínú sí ìyẹn? Ẹlòmíì kà á láìsí àmì, ó ní báwo ni òru ṣe máa há lọ́fun, àárọ̀ ńkọ́. Ìyẹn ò kàn mí, kó lọ kọ́ àmì.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Páǹpù epo ọkọ̀ àtijọ́ ara ẹ́ńjìnì ló máa ń wà, á máa fa epo láti tánkì. Tí igi bá wà nínú páìpù, tẹ́ ẹ tì í lápá ibí, á yọ lápá ọ̀hún, àmọ́ tó bá jẹ́ fóòmù lẹ rọ sínú ẹ̀, ẹ máa tì í tì í, á kàn máa fún pọ̀ ni, òdìkejì ò ní mira. Fóòmù yẹn ni oru. Páǹpù ń ṣiṣẹ́, epo ò lọ.

Pẹtiróò ò sì dà bí omi tó ń dúró de 100°C kó tó hó, apá tó fúyẹ́ jù nínú ẹ̀ ti ń di oru ní bíi 40°C, èyí tí wọ́n bá ń fà tún ń tètè hó ju èyí tí wọ́n ń tì lọ. Pẹtiróò òde òní tí wọ́n po ẹ́tánọ́ọ̀lù (irú ọtí kan) mọ́ tún wá burú sí i. Láwọn ilẹ̀ tó ń tutù, pẹtiróò ìgbà òtútù máa ń tètè di oru, torí ẹ̀ tóòrùn bá ṣàdédé mú kó tó tán nínú tánkì, wàhálà dé.

Kí ló dé tó fi le fún ọkọ̀ ìhámọ́ra ju ọkọ̀ ilé lọ? Irin! Ibi tí ọta ò ti ríbi wọlé, atẹ́gùn náà ò ríbi wọlé. Ẹ́ńjìnì Rolls-Royce B60 tó wà nínú Ferret, 4.26 lítà, ẹ̀yìn ni wọ́n dì í mọ́ nínú àpótí irin, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ṣe Ferret láti 1952 dé 1971. Half-track, ìyẹn ọkọ̀ ìhámọ́ra tó ní táyà níwájú, tó sì ní ṣéènì bíi ti ọkọ̀ táǹkì lẹ́yìn, ní àwọn irin pẹlẹbẹ níwájú rédíétọ̀ tí awakọ̀ lè ṣí tàbí kó pa dé látinú ọkọ̀, mo sì ti rí àwọn tó pa á dé torí pé ó dùn ún wò nínú fọ́tò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣí i. Saracen, ọkọ̀ ìhámọ́ra ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà táwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń kó ọmọ ogun, tiẹ̀ ní irú kan tí wọ́n yí ọ̀nà atẹ́gùn ẹ̀ padà fún ilẹ̀ olóoru. Àwọn tó ṣe é ò kúkú fọwọ́ kékeré mú un.

Ìgbà tẹ́ ẹ bá pa ẹ́ńjìnì gan-an ló burú jù. Fáànù dúró, omi dúró, àmọ́ ooru ṣì wà lára irin, ibi tó máa gbà jáde ò sí, á wá máa gun páǹpù àti kábúrétọ̀ bọ̀. Ẹ lọ mu omi, ẹ padà dé, kò ní tan. (Àwọn kan ní èyí tó bá hó nínú kábúrétọ̀ yàtọ̀ sí ti páìpù, mi ò ráyè ìyẹn.) Torí ẹ̀, ẹ má kàn dé kẹ́ ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láìrìn, kẹ́ ẹ tẹ iná díẹ̀, tẹ́ ẹ bá wá pa á, ẹ ṣí gbogbo ìdérí ẹ́ńjìnì. Tí ọkọ̀ bá tò rọ̀rọ̀, ẹ fi àyè sílẹ̀, torí ooru ẹ̀yìn ti iwájú ni tẹ̀yìn máa ń fà símú.

Àtúnṣe tó gbà mí lọ́kàn jù ni páǹpù oníná nítòsí tánkì, kó máa ti epo dípò kó máa fà á, àmọ́ kẹ́ ẹ wo agbára ẹ̀ kó má ju èyí tí kábúrétọ̀ lè gbà lọ, kẹ́ ẹ sì so ó kó lè dúró tí ẹ́ńjìnì bá kú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iná lẹ̀ ń pè. Ẹ gbé páìpù epo jìnnà sí páìpù èéfín, tí kò bá ṣeé gbé, ẹ fi irin pẹlẹbẹ dá wọn láàárín. Àwọn kan máa ń to pẹ́ẹ̀gì onígi tí wọ́n fi ń sá aṣọ sára páìpù epo, wọ́n sì ń búra pé ó ń ṣiṣẹ́. Èmi rò pé ìdúró tí wọ́n dúró to pẹ́ẹ̀gì yẹn ló jẹ́ kí ọkọ̀ tutù.

Tó bá ti kú ná, aṣọ tútù lórí páǹpù, kẹ́ ẹ sì dúró, ó lè tó ìdajì wákàtí. Ẹ má tú páìpù epo lórí ẹ́ńjìnì gbígbóná o, ẹ ò rí i pé oru ló kún inú ẹ̀?