Pòtétò Tí A Ki Ẹran Sínú Kì í Ṣe Iyán

Ẹni tí ó ti ń gún iyán láti kékeré ní Òṣogbo kò ní pẹ́ kó sínú àṣìṣe kan bí ó bá fẹ́ ṣe pòtétò tí a ki ẹran sínú, èyí tí àwọn ará Perú ń pè ní papa rellena, tí a fi pòtétò títẹ̀ bo ẹran, tí a sì dín nínú òróró: bí pòtétò bá ti jinná, odó ni yóò gbé.

Inú pòtétò kún fún àwọn àpò tíntìntín tí sítáàṣì wà nínú wọn. Bí ọmọ odó bá lù wọ́n léraléra, wọn a fọ́, sítáàṣì a tú jáde, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ìfà yẹn ni iyán ń wá, ẹ̀gàn sì ni iyán tí kò fà jẹ́ fún ẹni tí ó gún un. Ṣùgbọ́n pòtétò tí ó bá fà báyẹn yóò lẹ̀ mọ́ ọwọ́ tí ó fẹ́ mọ ọ́n, yóò sì dà bí àtè lẹ́nu. Fọ́ọ̀kì ni kí a fi tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ó ṣì gbóná, kí ooru rẹ̀ jáde, kí ó sì tutù díẹ̀ kí a tó ki ẹran sí i.

Bí ó bá bẹ́ nínú òróró, ẹyin tí wọ́n fi dì í mú ni wọ́n sábà máa ń dá lẹ́bi pé kò tó. Omi ni ọ̀tá gan-an, nítorí pé omi tí ó kù nínú pòtétò tàbí nínú ọbẹ̀ ẹran yóò di oru, oru náà yóò sì wá ọ̀nà jáde. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé, láìdà bí àkàrà tí òróró ń sè dé inú, gbogbo ohun inú èyí ti jinná tẹ́lẹ̀. Ara rẹ̀ lóde nìkan ni òróró gbígbóná ń ṣiṣẹ́ lé lórí, ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ti tó.

Ní Perú, ó máa ń gùn díẹ̀ bí pòtétò fúnra rẹ̀, wọ́n a sì fi ẹyin sísè kún ẹran inú rẹ̀. Ní Kúbà, ó rí róbótó, èérún búrẹ́dì sì ni aṣọ rẹ̀. Àwọn ará Japáànì sábà máa ń po ẹran pọ̀ mọ́ pòtétò nínú korokke tiwọn. Ti Bẹ́ńgálì, ẹkùn kan ní Íńdíà àti Bangladẹ́ṣì, tí wọ́n ń pè ní aloo chop, ni ó mọ́gbọ́n dání jù: ìyẹ̀fun irú ẹ̀wà kan tí a fi omi pò ni wọ́n ń rì í sí, àfi bí ẹni pé wọ́n fi àkàrà wọ pòtétò láṣọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ ki ẹja Títù àti ata rodo sí tirẹ̀ ní Òṣogbo, kí ó kọ́kọ́ dín ata náà gbẹ dáadáa.