Ṣé ẹni tó ń gbàdúrà lè ní ìsoríkọ́?

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ṣé kì í ṣe pé ìgbàgbọ́ mi ni kò tó?" Àwọn tó ń wá gba ìtọ́jú ọpọlọ lọ́dọ̀ wa ní apá Yábàá níbí máa ń bi mí ní ìbéèrè yìí ju ìbéèrè nípa oògùn lọ. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n á ti gba ààwẹ̀, wọ́n á ti lọ sí àìsùn lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, àwọn mìíràn á ti ṣe rúkíyà, ìyẹn àdúrà ìwòsàn àwọn Mùsùlùmí, àwọn mìíràn á ti bọ orí. Oṣù mẹ́ta, mẹ́rin á ti kọjá tí wọn ò rí oorun sùn, tí oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun, tí iṣẹ́ sì ti ń bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀bi á tún wá gorí àìsàn.

Onígbàgbọ́ òdodo lè ní ìsoríkọ́. Mùsùlùmí tí kì í pa ìrun jẹ lè ní in, babaláwo náà lè ní in. Ẹ ka Ìwé Àwọn Ọba Kìíní orí 19. Èlíjà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ́gun lórí òkè Kámẹ́lì ló jókòó sábẹ́ igi kan, tó ní ó tó gẹ́ẹ́, kí Olúwa gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì tó wá bá a kò bá a wí. Oúnjẹ àti omi ló gbé sí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀. Ó jẹ, ó mu, ó tún sùn, áńgẹ́lì sì tún jí i pé kó wá jẹun lẹ́ẹ̀kejì. Al-Kùránì náà sọ nínú Súrà Yúsúfù pé Ànábì Yàkúbù banú jẹ́ nítorí ọmọ rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi funfun. Mi ò tíì gbọ́ àlùfáà tó pe ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ní aláìnígbàgbọ́.

Kì í ṣe gbogbo ìbànújẹ́ ni ìsoríkọ́ o. Ó kéré tán, ó gbọ́dọ̀ tó ọ̀sẹ̀ méjì, lójoojúmọ́ tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́, tí ọkàn ń bàjẹ́ tàbí tí ohun tó máa ń dùn mọ́ni kò dùn mọ́ni mọ́, tí oorun, oúnjẹ, agbára àti ìrònú sì dojú rú. Ṣùgbọ́n àmì kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà sí àmì rárá: ẹ̀bi tí kò nídìí, àti èrò pé èèyàn ò já mọ́ nǹkan kan. Àìsàn náà gan-an ló ń mú un wá. Lọ́kàn ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀sìn, ohùn ẹ̀sìn ló máa fi ń sọ̀rọ̀: "Ọlọ́run ti kọ̀ mí." "Ẹ̀ṣẹ̀ mi ti pọ̀ jù." "Orí tí mo yàn ló burú." Bẹ́ẹ̀ ló rí fún àdúrà tí kò dùn ún gbà mọ́. Ohun tó mú adùn kúrò nínú àmàlà tó ń jẹ náà ló mú un kúrò nínú orin ìyìn.

Obìnrin aránṣọ kan láti Múṣin wá sọ́dọ̀ wa lẹ́yìn tó bí ọmọ rẹ̀ kejì. Láti kékeré ló ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn. Ó ní bí wọ́n bá ti ń kọrin báyìí, ńṣe lòun kàn máa ń wo ẹnu àwọn èèyàn. Wọ́n ti sọ fún un pé ó ṣẹ Ọlọ́run, wọ́n sì ní kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ẹ wo ìyá ọlọ́mọ tuntun, tó ń fọ́mọ lọ́yàn, tí kò sùn lóru! Mo bi í pé kó tó bímọ yìí, bó bá ṣẹ̀, kí ni Ọlọ́run rẹ̀ máa ń ṣe? Ó ní, "Ó máa ń dárí jì mí." Mo ní, "Ta ló wá ń sọ fún yín pé kò ní dárí jì yín mọ́?" Ó dákẹ́ títí, ó fi igun ìborùn nu ojú. Dókítà fún un ní oògùn tí ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn lè lò, èmi àti òun ń bá ọ̀rọ̀ wa lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ sì ń gbọ́mọ lóru kó lè sùn. Kò fi ìjọ rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ìdí ẹgbẹ́ akọrin náà ló padà sí.

Kí ni ìwádìí sọ? Lọ́dún 2003, Timothy Smith àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kó ìwádìí 147 jọ, èyí tó kan nǹkan bí 99,000 èèyàn. Wọ́n rí i pé àmì ìsoríkọ́ dín díẹ̀ lára àwọn tí ẹ̀sìn jinlẹ̀ nínú wọn. Díẹ̀ náà ni mo wí o, ṣùgbọ́n ó hàn dáadáa jù lára àwọn tí wàhálà ṣẹ̀ṣẹ̀ já lù. Ìwádìí kan náà fi hàn pé àwọn tó ń wo ìṣòro wọn bí ìjìyà láti ọ̀run, tàbí tó ń ṣe ẹ̀sìn nítorí ohun tí wọ́n máa rí gbà nídìí rẹ̀, ni àmì ìsoríkọ́ pọ̀ sí lára. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń béèrè lọ́wọ́ aláìsàn pé ṣé ó gba Ọlọ́run gbọ́. Ohun tí mo ń béèrè ni ohun tí Ọlọ́run tó gbà gbọ́ ń sọ fún un lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má sì gbàgbé pé ẹni tí ìsoríkọ́ mú lè má lè jáde nílé. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ẹni tí ẹ ò rí ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí ló fà sẹ́yìn.

Ní ti ayọ̀, Chaeyoon Lim àti Robert Putnam gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 2010. Wọ́n rí i pé àwọn tó ń lọ sílé ìjọsìn déédéé, tí wọ́n sì lọ́rẹ̀ẹ́ níbẹ̀, ni ìgbésí ayé wọn ń tẹ́ lọ́rùn jù. Ẹni tó ń lọ déédéé tí kò lọ́rẹ̀ẹ́ níbẹ̀ kò rí irú ìtẹ́lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Mo gbà wọ́n gbọ́, torí mo ń rí i l'Ékòó yìí. Èèyàn lè jókòó láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún ní Sunday, kó wọ dáńfó padà sílé, kí ẹnikẹ́ni má bi í pé kí ló gbé ojú rẹ̀ wọlé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àṣálátù àdúgbò, tàbí ìjọ kékeré ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta, bí o bá pa ọ̀sẹ̀ méjì jẹ, wọ́n á wá kan ilẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó ń pa wá lára jù. Bí ẹ bá ń lo oògùn ìsoríkọ́, ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Ẹ má ṣe dá a dúró lójijì nítorí ẹnì kan jẹ́rìí pé òun ti sọ tòun nù. Òòyì lè kọ́ yín, oorun lè dá, àìsàn náà sì lè padà. Bí ara bá ti yá, dókítà á sábà ní kí ẹ lò ó fún oṣù mẹ́fà sí i. Bí ààwẹ̀ bá ń bọ̀, ẹ lọ bá dókítà ṣáájú, torí a lè sún ọ̀pọ̀ oògùn sí àsìkò sààrì àti ìṣínu. Ẹni tó ń lo lithium, oògùn tí kì í jẹ́ kí ọkàn máa lọ sókè sódò, ní láti ṣọ́ra gan-an, torí bí omi bá dín lára, oògùn náà lè pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ máa ń gbé e sókè kó tó gbé e sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kó má lọ sí àìsùn. Òru kan ṣoṣo tí kò sùn lè tún gbé e dìde.

Ẹ̀yin pásítọ̀, wòlíì, àfáà, mi ò ní kí ẹ má gbàdúrà fún wọn. Ànábì Mùhámọ́dù fúnra rẹ̀ ní kí a wá ìtọ́jú, torí kò sí àìsàn tí Ọlọ́run dá tí kò dá ìwòsàn rẹ̀ àyàfi ogbó. Ẹ kàn bi ẹni náà bó ṣe ń sùn, bó ṣe ń jẹun, àti bóyá ikú ń wá sí i lọ́kàn. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fi í ránṣẹ́ sí wa kí ẹ tó fún un lááwẹ̀. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Harvey Road, Yábàá, ti wà láti ọdún 1907. Ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà ní ilé ìwòsàn LUTH, Ìdí-Àràbà, ó sì wà ní ilé ìwòsàn LASUTH, Ìkẹjà.

Ìtìjú ṣì ń dá ọ̀pọ̀ dúró, torí wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ẹ̀rù ọlọ́pàá ń ba àwọn mìíràn, bẹ́ẹ̀ òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ní ilé ìwòsàn ni kí adájọ́ fi ẹni tó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí. Bí ará ilé yín bá ń sọ pé ayé sú òun, ẹ bi í tààrà bóyá ó ń rò ó láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè yẹn kò ní gbin èrò náà sí i lọ́kàn. Ẹ kó oògùn kòkòrò àti oògùn tó bá pọ̀ nínú ilé kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, kí ẹ sì mú un wá lọ́jọ́ náà gan-an.