Ṣé lóòótọ́ ni pé fóònù tó ń rán wa létí nǹkan ló ń sọ ọpọlọ wa di ọ̀lẹ?

Ọ̀rọ̀ kan ti wá di orin lẹ́nu àwọn òbí àtàwọn olùkọ́ wa báyìí, pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò lè rántí nǹkan kan mọ́, gbogbo nǹkan ni wọ́n ń tẹ̀ sínú fóònù, ọpọlọ wọn ti ya ọ̀lẹ. Àwọn ọ̀gá ibi iṣẹ́ náà ń sọ ọ́, wọ́n á ní tó bá jẹ́ pé o ka iṣẹ́ yìí sí ni, o ò ní dúró de àláàmù kó o tó rántí ẹ̀. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé àwọn ọmọ tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ì bá ràn lọ́wọ́ gan-an ló ń gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́, wọ́n á wá máa fi agídí gbé gbogbo nǹkan sórí, wọ́n á pàdánù tẹ́ẹ̀sì, wọ́n á gbàgbé ọjọ́ tí wọ́n máa ti fọ́ọ̀mù pa, tó bá yá wọ́n á ní àwọn ò lọ́pọlọ. Wọ́n lọ́pọlọ jàre! Iṣẹ́ tí ọpọlọ ò mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa ni wọ́n lọ gbé fún un.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun táwọn àgbà yẹn ń sọ, màá dé ibẹ̀, àmọ́ nǹkan méjì tí ò jọra ni wọ́n pò pọ̀.

Ẹ̀rọ ìrántí àfọwọ́mú ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé o. Iléeṣẹ́ Psion ti gbé Organiser tiwọn jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1984. Apple gbé Newton jáde ní 1993, wọ́n ní èèyàn lè fọwọ́ kọ̀wé sójú ẹ̀ kó sì kà á, àmọ́ ó sábà máa ń ṣi ohun téèyàn kọ kà nígbà tó kọ́kọ́ jáde, ó sì tóbi ju kéèyàn kì í sápò ṣẹ́ẹ̀tì lọ, nígbà tó fi máa di 1998 wọ́n ti pa á tì. Ẹni tó wá ríbi gbé e gbà ni Jeff Hawkins tó dá iléeṣẹ́ Palm sílẹ̀. Ọkùnrin yìí gé pákó kékeré kan tó wọ àpò ẹ̀wù, ó ń gbé e kiri bí ẹni gbé ẹ̀rọ, tí wọ́n bá bi í pé ṣé àyè máa wà lọ́jọ́ báyìí á fa pákó ẹ̀ yọ, á ṣe bí ẹni ń tẹ̀ ẹ́, kó lè mọ ohun téèyàn máa ń fẹ́ wá nínú ẹ̀ gan-an. Nígbà tí Pilot, ẹ̀rọ tí Palm ṣe, jáde ní 1996, bátìrì AAA méjì ló ń lò, ó sì lè fi ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ibi tó ń kó nǹkan sí lórí èyí tó kéré jù ò ju 128 kilobyte lọ, fọ́tò kan ṣoṣo tẹ́ ẹ bá fi kámẹ́rà fóònù òde òní yà ò lè gba inú ẹ̀. Bọ́tìnì mẹ́rin ló wà níwájú ẹ̀, ọ̀kan fún ọjọ́ àdéhùn, ọ̀kan fún nọ́ńbà àti àdírẹ́sì àwọn èèyàn, ọ̀kan fún iṣẹ́ téèyàn fẹ́ ṣe, ọ̀kan fún àkọsílẹ̀ kéékèèké, téèyàn bá sì gbé e sórí ìdúró ẹ̀ tó tẹ bọ́tìnì kan, ohun tó wà nínú ẹ̀ á wọ inú kọ̀ǹpútà.

Ẹ wo bọ́tìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn dáadáa. Èwo nínú wọn ló ní kéèyàn má ronú?

Fóònù ló pàpà gbé Palm mì. Lọ́dọ̀ tiwa ní Nàìjíríà ọ̀pọ̀ ò tiẹ̀ rí Palm sójú rí, GSM dé ní 2001, ẹni tó ra Nokia 3310 ti ní àláàmù àti ibi tó lè kọ ohun tó fẹ́ kí fóònù rán òun létí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé géèmù ejò ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀ níbẹ̀. Torí náà tí mo bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìrántí báyìí, káléńdà inú fóònù tó wà lọ́wọ́ yín ni mò ń wí, ẹ ò nílò kẹ́ ẹ lọ ra nǹkan kan, àwọn tó ń ta ápù olówó gọbọi pé òun ló máa tún ayé èèyàn tò, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bá tiwọn lọ.

Ó yá, ká wá sórí ọ̀rọ̀ gan-an. Ìrántí kan wà tó jẹ́ ti ohun téèyàn ti mọ̀, bí orúkọ àwọn egungun ara fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tàbí iye tí páálí ọjà kan jẹ́ fún ẹni tó ń tà á. Òmíràn jẹ́ ti ohun téèyàn fẹ́ ṣe tí àsìkò ẹ̀ ò tíì tó. Gilles Einstein àti Mark McDaniel, àwọn onímọ̀ nípa ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, tú ìkejì yìí wò nínú iṣẹ́ kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1990, wọ́n ní òun fúnra ẹ̀ tún pín sí méjì. Tí wọ́n bá ní "tó o bá ti rí ẹ̀gbọ́n ẹ, sọ fún un kó pe Mọ̀ọ́mì," ojú ẹ̀gbọ́n yẹn fúnra ẹ̀ ló máa rán ẹ létí. Àmọ́ tí wọ́n bá ní "pe Mọ̀ọ́mì láago 3," kí ló máa rán ẹ létí? Aago 3 ò ní ojú, kò ní gba iwájú ẹ kọjá, ìwọ lo máa fúnra ẹ yọ ara ẹ kúrò nídìí ohun tó ò ń ṣe kó o wo aago. Ibí yìí gan-an lọpọlọ ti ń jáni kulẹ̀, ti olóye ti dìndìnrìn.

Ẹ wo iṣẹ́ télọ̀. Ìwé ẹ̀ wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, àyà 42, ìbàdí 46, gígùn ìró, apá, gbogbo ẹ̀ ló kọ síbẹ̀, ó tún gé léèsì Àlàájà díẹ̀ ó fi píìnì gún un mọ́ ojú ìwé kí aṣọ ẹbí àwọn èèyàn má bàa dàrú mọ́ra wọn. Ẹni tó ti ń rán aṣọ tipẹ́ lè fojú wo kọ́sítọ́mà kó sì ti mọ iye yáàdì tó máa gbà. Ṣé ẹ máa sọ pé onítọ̀hún ò lọ́pọlọ ni? Síbẹ̀ ní Sátidé aago 6 àárọ̀ Àlàájà ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, òde ku wákàtí mẹ́ta, apá aṣọ ò tíì lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀. Ìwé ẹ̀ mọ ohun gbogbo àmọ́ ìwé ò lè pariwo ní ọjọ́rú pé "gbé aṣọ Àlàájà, iná tún lè lọ ní ọ̀la o." Ohun tí fóònù lè bá a ṣe nìyẹn tí ìwé ò lè ṣe, kò sì mú nǹkan kan kúrò nínú ọgbọ́n ìránṣọ tó wà lórí ẹ̀.

Òótọ́ tí mo ní mo máa dé ibẹ̀ rèé. Ní 2011, Betsy Sparrow àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde, wọ́n ní káwọn èèyàn tẹ àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n sọ fáwọn kan pé kọ̀ǹpútà máa tọ́jú ẹ̀, wọ́n sọ fáwọn míì pé ó máa pa á rẹ́. Àwọn tó gbà pé ó máa pa rẹ́ ló rántí jù. Ẹ rí i pé lóòótọ́ ohun téèyàn bá ti gbé pamọ́ síbì kan, ọpọlọ máa ń jọ̀wọ́ ẹ̀. Ibí yìí làwọn tó ń bẹ̀rù máa ń dúró sí, wọn ò ní kà á síwájú. Nígbà tó di 2015, Benjamin Storm àti Sean Stone ní Yunifásítì California wo òdìkejì ẹ̀, wọ́n ní káwọn akẹ́kọ̀ọ́ ka fáìlì kan, nígbà míì kí wọ́n tọ́jú ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, nígbà míì kí wọ́n má tọ́jú ẹ̀, kí wọ́n wá ka fáìlì kejì. Ìgbà tí wọ́n bá ti tọ́jú ti àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń rántí fáìlì kejì jù. Ẹrù tí wọ́n sọ̀ ló fi àyè sílẹ̀ fún nǹkan tuntun. Nígbà tí wọ́n wá jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kọ̀ǹpútà náà ò ṣeé gbára lé, pé fáìlì tí wọ́n tọ́jú lè má sí níbẹ̀ mọ́, àǹfààní yẹn lọ.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, mo ṣì ń padà bọ̀ lórí ẹ̀.

Àwọn kan á ní babaláwo ńkọ́, ẹni tó ní odù 256 lórí, tó mọ àìmọye ẹsẹ lábẹ́ odù kọ̀ọ̀kan, fóònù wo ló lò? Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, mo sì bọ̀wọ̀ fún un, torí ọdún gbọọrọ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, lójoojúmọ́, lẹ́nu ọ̀gá, ẹsẹ kan lórí òmíràn. Àmọ́ ẹ wo ọwọ́ babaláwo yẹn kan náà nígbà tó bá ń fi ikin dáfá. Ó kó ikin mẹ́rìndínlógún sọ́wọ́, ó gbá a, tó bá ṣẹ́ ku ẹyọ kan á fi ìka tẹ ìlà méjì sínú ìyẹ̀rosùn lórí ọpọ́n, tó bá ṣẹ́ ku méjì á tẹ ìlà kan, á ṣe bẹ́ẹ̀ títí á fi tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Kò gbé mẹ́jọ yẹn sórí o, ó tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ níbi tójú ẹ̀ ti ń rí i. Ẹsẹ Ifá tó ti kọ́ wà nínú ẹ̀, ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde wà lórí ọpọ́n. Àwọn baba wa mọ ìyàtọ̀ méjèèjì kí kọ̀ǹpútà kankan tó dé.

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún wà níbí. Àwọn kan ti sọ fóònù di ibi tí wọ́n ń kó ẹ̀kọ́ fúnra ẹ̀ sí, lẹ́ẹ̀kítọ̀ kọ nǹkan sójú bọ́ọ̀dù, wọ́n yà á ní fọ́tò, ó parí, wọn ò sì ní ṣí fọ́tò yẹn mọ́ títí di alẹ́ ọjọ́ ẹ̀sáàmù tí òmíràn á sì ti wà láàárín fọ́tò ìgbéyàwó mẹ́rìnlélógún. Linda Henkel ṣe ìwádìí nínú mùsíọ́mù kan, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2014, nǹkan táwọn èèyàn ya ní fọ́tò lódindi, wọ́n rántí ẹ̀ kéré sí èyí tí wọ́n kàn fojú wò. Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke náà ti fi hàn ní 2006 pé ẹni tó ka nǹkan léraléra lè rántí ẹ̀ dáadáa ní ìṣẹ́jú márùn-ún sí i, àmọ́ tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tó ti ìwé pa tó sì ń gbìyànjú láti pe ohun tó kà jáde látinú orí ẹ̀ ló máa ń mú ipò iwájú. Torí náà ẹ̀kọ́, ẹ jẹ́ kó wọ orí. Ọjọ́ àti aago téèyàn máa ti ìwé pa tó máa dán ara ẹ̀ wò, ìyẹn ni kó wọ fóònù.

Mo ní mo ń padà bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìgbẹ́kẹ̀lé. Àwọn Palm àtijọ́ ní àléébù kan tó burú, tí bátìrì bá kú tán pátápátá, gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ ló máa lọ, àfi èyí tó bá ti wọ inú kọ̀ǹpútà tẹ́lẹ̀. Àwa náà mọ irú ẹ̀ lónìí, fóònù bọ́ sómi, wọ́n já a gbà lọ́wọ́ èèyàn nínú gò-slò, tàbí iná ò wá láti àná tí bátìrì sì ti wà ní ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé ó lè sọ nù á máa kọ ọ́ sínú fóònù, á tún máa gbé e sórí, ẹrù ẹ̀ wá di ìlọ́po méjì. Ẹ jẹ́ kí káléńdà yín so mọ́ àkáǹtì Google tàbí irú ẹ̀ míì, ẹ sì mọ pásíwọ́ọ̀dù ẹ̀, kó lè jẹ́ pé fóònù ẹlòmíì náà lẹ lè fi ṣí i. Dátà tó máa ń jẹ ò tó nǹkan.

Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ síbẹ̀ náà ṣe pàtàkì, ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ pé àwọn gbìyànjú ẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Wọ́n á kọ "Àlàájà" síbẹ̀, àláàmù á dún, wọ́n á máa wo ojú fóònù, Àlàájà ṣe kí ni? Ẹ kọ ohun tí ọwọ́ máa ṣe: "pe Àlàájà, béèrè owó tó kù, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán." Peter Gollwitzer, onímọ̀ nípa ìrònú èèyàn, ti ń kọ nípa èyí tipẹ́, pé ẹni tó bá sọ ìgbà àti ibi tó ti máa ṣe nǹkan ṣáájú sábà máa ń ṣe é ju ẹni tó kàn ní òun máa ṣe é. Ẹ má sì gbé àláàmù sí àsìkò tí nǹkan máa ṣẹlẹ̀ gan-an. Ẹni tó ń gbé Ìkòròdú tó ní mítíìnì ní Marina láago 10, àláàmù aago 9:30 wúlò fún kí ni? Aago 6 tó yẹ kó ti bọ́ sójú títì ni kó dún. Ẹ má tún wá gbé àláàmù ogún sínú ọjọ́ kan, ẹ máa fọwọ́ pa á láìwò ó ni. Èyí tó bá máa dá wàhálà sílẹ̀ téèyàn bá gbàgbé ẹ̀ nìkan ni kó máa dún.

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka èyí, tí lẹ́ẹ̀kítọ̀ bá ti dá ọjọ́ tẹ́ẹ̀sì, kó o tó dìde lórí àga yẹn ni kó o ti tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, kó o tún tẹ ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ẹ̀ láago 7 alẹ́, orúkọ kọ́ọ̀sì náà, ibi tó o máa jókòó sí, àti "ti ìwé pa, kọ ohun tó o bá rántí."