Ọmọ gba 296 ní JAMB, kò rí Medicine kà ní Ifẹ̀: kí ló ń ṣẹlẹ̀ gan-an?

Bí rìsọ́ọ̀tì JAMB bá ti jáde báyìí làwọn òbí á ti máa dá mi dúró lọ́nà, láti Ọ̀ta-Ẹ̀fun títí dé Ọláìyá, torí wọ́n mọ̀ pé mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìn JAMB (lesson) níbí ní Òṣogbo. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n sáà ń bi mí lọ́dọọdún, mo ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìbéèrè: Tíṣà, ẹni tó gba 296 ò wọlé, ẹni tó gba 264 wá wọlé. Ṣé kì í ṣe pé ẹni yẹn mọ èèyàn ni?

Ìdáhùn: Ibẹ̀ lọkàn gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ lọ, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ ná. Orí 400 ni wọ́n ti ń máàkì JAMB, Yunifásítì Ifẹ̀ (OAU) á wá pín ohun tọ́mọ gbà sọ́nà 8, ìyẹn ni pé JAMB ò lè fún un ju 50 lọ nínú 100. Post-UTME, ìdánwò tí yunifásítì fúnra ẹ̀ ń ṣe fọ́mọ lẹ́yìn JAMB, ló ni 40, WAEC tàbí NECO ló ni 10 tó kù. Ó yá, ẹ pín 296 sọ́nà 8, ó di 37. Ẹ pín 264, ó di 33. Ṣẹ́ ẹ rí i, máàkì 32 tá à ń torí ẹ̀ pariwo ti di 4 péré! Ká wá ní ẹni 296 yẹn gba 21 ní post-UTME, WAEC ẹ̀ jẹ́ 8, gbogbo ẹ̀ di 66. Ẹni 264 gba 30, WAEC ẹ̀ jẹ́ 9, tiẹ̀ ti di 72. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin, ta lẹ máa mú?

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, torí mo ti rí ọmọ tó jẹ́ pé bó ṣe rí máàkì JAMB ẹ̀ báyìí ló palẹ̀ ìwé mọ́, wọ́n pa adìẹ nílé, gbogbo àdúgbò ti ń pè é ní dókítà, kò ṣíwèé mọ́ títí wọ́n fi pè wọ́n wá ṣe post-UTME, nígbà tí ẹni tí máàkì ẹ̀ kéré ń fi ẹ̀rù kàwé lóru. UI, ìyẹn Yunifásítì Ìbàdàn, gan-an le jùyẹn lọ, 50 ni JAMB, 50 ni post-UTME, WAEC ò ní máàkì kankan níbẹ̀, kọ́mọ ṣáà ti ní credit tí wọ́n bèèrè.

Ìbéèrè: Ṣé nítorí pé Ọ̀ṣun la wà, wọn ò ní gba tiwa rò ni?

Ìdáhùn: Wọ́n ń gbà á rò. Òfin ìjọba àpapọ̀ ni pé 45 nínú 100 jẹ́ ti merit, ìyẹn àwọn tí máàkì wọn ga jù, 35 jẹ́ ti catchment, ìyẹn àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n kà sí ti agbègbè yunifásítì yẹn, 20 jẹ́ tàwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ ò tíì rinlẹ̀ tó. Catchment Ifẹ̀ ni Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́, Ògùn, Oǹdó, Èkìtì àti Èkó. Àmọ́ ìpínlẹ̀ bàbá ọmọ ni wọ́n ń wò o, kì í ṣe ibi tẹ́ ẹ̀ ń gbé. Ọmọ Ọ̀fà tí wọ́n bí sí Ìgbóǹnà ní Òṣogbo níbí, Kwara ni wọ́n kà á sí. Ẹ má sì fọkàn lé catchment jù, àwọn ọmọ Ọ̀ṣun tó ń fẹ́ Medicine pọ̀ jọjọ, ara wọn náà ni wọ́n ń bá du ìwọ̀nba àyè yẹn.

Ìbéèrè: Ká fi sí special centre, níbi tí wọ́n ti ń bá ọmọ ṣe màgòmágó ìdánwò, kí WAEC ẹ̀ lè jẹ́ A1 gbogbo ńkọ́?

Ìdáhùn: Rárá o. 10 péré ni gbogbo WAEC yẹn níwájú Ifẹ̀. Ta ló máa jókòó síbi post-UTME fún un?

Ìbéèrè: Tí máàkì ẹ̀ bá wá pé, kí ló tún lè dí i lọ́wọ́?

Ìdáhùn: Ohun kékeré ni, ó sì ń dùn mí gan-an. Ọmọ kan tí mo kọ́, máàkì ẹ̀ pé dáadáa, àṣé kafé tó lọ ò gbé rìsọ́ọ̀tì WAEC ẹ̀ sórí pọ́tàlì JAMB lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n kàn gbowó ẹ̀ ni. Lórí CAPS, ibi tí JAMB ti ń ṣètò ádímíṣọ̀n lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, awaiting result ló ṣì wà, bíi pé WAEC ẹ̀ ò tíì jáde, bí àyè ṣe bọ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó wọlé wò ó fúnra ẹ̀, kó rí máàkì tó gbà nínú subject kọ̀ọ̀kan lójú ara ẹ̀. Kó fi Ifẹ̀ tàbí UI ṣe first choice, torí wọn kì í mú ẹni tó fi wọ́n ṣe ìkejì. Tí ádímíṣọ̀n bá wá jáde, kó tẹ Accept. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ mówó wá kóun bá yín ṣe é láì gba orí CAPS, olè ni.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: SS2, kó máa fi kọ̀ǹpútà dánra wò, kì í ṣe ìwé nìkan. Ìbéèrè 180 ni JAMB, wákàtí 2 ni wọ́n fún un, ìṣẹ́jú àáyá 40 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi kì í fún àwọn tèmi ní ìsinmi lẹ́yìn JAMB. Ọjọ́ Mọ́ńdè tó bá tẹ̀lé ìgbà tí rìsọ́ọ̀tì jáde, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹni tó gba 300 àtẹni tó gba 210, kí gbogbo wọn mú bírò dání, ká bẹ̀rẹ̀ post-UTME.