Dídín Fọ́tò Kù Láì Jẹ́ Kí Ó Kúrò Lọ́wọ́ Ẹni

Ká ní o fẹ́ fi fọ́tò ìwé ìrìnnà rẹ sínú fọ́ọ̀mù kan, wọ́n wá ní ó ti tóbi jù. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á wá ìkànnì tó ń dín fọ́tò kù, wọ́n á fi tiwọn síbẹ̀, wọ́n á sì gbà á padà ní kékeré. Ibo ni fọ́tò náà lọ kó tó padà? Ó ká mi lára pé a kì í béèrè, torí ìwé ìbí ọmọ àti èsì àyẹ̀wò ara wà lára ohun tí à ń fi síbẹ̀.

Lórí àwọn ìkànnì kan, sáfà ló ń lọ, ìyẹn kọ̀ǹpútà ẹni tó ni ìkànnì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dín in kù. Wọ́n lè pa ẹ̀dà ọwọ́ wọn rẹ́, wọ́n sì lè fi pamọ́. Ìwọ kò ní í mọ̀. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ yìí kò tó ohun tí à ń gbé jáde nílé. Bùráúsà orí fóònù rẹ, ìbáà ṣe Chrome, Firefox tàbí Safari, lè ṣe é tán láìfi nǹkan kan ránṣẹ́.

Àwọn ààmì aláwọ̀ tíntìntín tí à ń pè ní píksẹ́lì ló para pọ̀ di fọ́tò. Èyí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 4000, tí òró rẹ̀ jẹ́ 3000, píksẹ́lì mílíọ̀nù 12 ló wà nínú rẹ̀. Bí o bá ti yan fọ́tò, ètò JavaScript tó bá ojú ewé náà wá á ní kí bùráúsà tú u sínú mẹ́mọ́rì, ìyẹn ibi tí fóònù ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí. Báìtì 4 ni píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ń gbà níbẹ̀, báìtì mílíọ̀nù kan ló sì ń jẹ́ MB 1, nítorí náà fọ́tò tí kò ju MB 4 lọ tẹ́lẹ̀ lè di MB 48. Ìdí nìyẹn tí fóònù tí mẹ́mọ́rì rẹ̀ kéré fi lè dúró gbagidi lẹ́nu iṣẹ́ yìí.

Bùráúsà á wá tún un yà sórí canvas, bíi pátákó tó fi ń ya nǹkan, ní 1000 sí 750. Bí wọ́n bá ṣe é dáadáa, gbogbo píksẹ́lì 16 tó dúró ní mẹ́rin-mẹ́rin á pò pọ̀ di ẹyọ kan. Bí 10 nínú wọn bá funfun, tí 6 dúdú, àwọ̀ eérú ni ẹyọ yẹn yóò ní. Ohun tó ń mú kí lẹ́tà wínníwínní ṣú nìyẹn. Lẹ́yìn èyí, á dì í padà sí JPEG, irú fáìlì tí a sábà ń fi fọ́tò pamọ́ sí, o sì gbà á sílẹ̀. Má pa ojúlówó rẹ́ o. Àwọ̀ tó ti pò pọ̀ kò ṣeé yà sọ́tọ̀ mọ́.

Fọ́tò tún ń gbé ohun kan kiri tí ojú kì í rí. EXIF lorúkọ rẹ̀: irú fóònù tó yà á, ọjọ́ àti wákàtí, àti ibi tí o dúró sí gan-an bí o bá gba kámẹ́rà láyè láti mọ̀ ọ́n. Àwọ̀ nìkan ló ń gba orí canvas kọjá, torí náà EXIF kì í bá fọ́tò tuntun lọ, àfi bí ẹni tó kọ ètò náà bá mọ̀ọ́mọ̀ dá a padà. Lójú tèmi, èrè yìí ju ti ìwọ̀n lọ. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ilé tó hàn lára ilẹ̀kùn nínú fọ́tò kò kúrò níbẹ̀. Ìwọ ni wàá gé e.

Ìkànnì tó bá ní òun kì í gba fọ́tò ẹni, fi fọ́tò tí kò ní àṣírí dán an wò. Jẹ́ kí ojú ewé náà ṣí tán, pa dátà àti Wi-Fi, kí o tó wá yan fọ́tò. Bí ó bá dín in kù, orí fóònù rẹ ni iṣẹ́ ti wáyé. Bí ó bá ń yí lójú kan tí kò parí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ sáfà ló ń wá. Nígbà tó bá wá kan ti ìwé ìrìnnà, ṣe é bẹ́ẹ̀ náà, kí o sì pa ojú ewé dé kí o tó tan dátà padà.