Focused ultrasound: ìró tí wọ́n fi ń wọ ọpọlọ nítorí ìrora bárakú

Tí ìrora bá ti wà lára ènìyàn ju oṣù mẹ́ta lọ, ìrora bárakú ni àwọn dókítà ń pè é. Ẹni tó bá ń ná ọjà ẹja Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ kò ní ṣàì mọ ẹni tó ní in: ìyá tó ti ń ru agbọ̀n ẹja láti ìgbà ọmọge, tí ìbàdí rẹ̀ kò sinmi mọ́, tí wọ́n ya X-ray fún, tí dókítà sì ní òun kò rí ohun tó ṣẹ́ tàbí tó yẹ̀. Ará ilé á máa sọ lábẹ́lẹ̀ pé màmá ti fẹ́ràn àròyé jù. Irọ́ ni. Ìrora tó bá ti pẹ́ máa ń yí iṣẹ́ ọpọlọ padà: ohun tó kọ́kọ́ fa ìrora lè ti jiná tán, kí àwọn iṣan tó ń gbé ìròyìn rẹ̀ ṣì máa pariwo lọ.

Ọpọlọ kò ní ojú kan ṣoṣo fún ìrora. Apá kan ń sọ ibi tó ti ń dùn wá, òmíràn ń sọ bó ṣe le tó. Èyí tó kan ọ̀rọ̀ wa yìí jù wà nínú lọ́hùn-ún, láàárín ọpọlọ níwájú. Anterior cingulate cortex ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń jẹ́ kí ìrora ni wá lára, tí ọkàn kò fi ní kúrò lórí rẹ̀. Láyé àtijọ́, àwọn oníṣẹ́ abẹ a máa jó díẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn tí ìrora jẹjẹrẹ ti fẹ́ pa. Ohun tí àwọn kan nínú wọn sọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà ṣì ń yà mí lẹ́nu: ìrora ò lọ, àwọn ṣì ń mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n kò dà wọ́n láàmú mọ́.

Bí a ṣe máa débẹ̀ ni wàhálà. Oògùn tí a bá gbé mì, gbogbo ara ló ń kárí, ìdí nìyẹn tí oorun tàbí inú rírun fi ń bá a rìn. Wáyà oníná tí wọ́n ń kì bọ inú ọpọlọ ń débẹ̀, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ lu agbárí kí wọ́n tó kì í bọ̀ ọ́. Mágnẹ́ẹ̀tì àti iná tí wọ́n ń gbé lé orí láìfi ọ̀bẹ kàn án, òkè ọpọlọ ni agbára wọn mọ.

Ibẹ̀ ni ìró ti wọ̀ ọ́. Etí ènìyàn kì í gbọ́ ìró tó bá ń gbọ̀n ju ìgbà 20,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀ ni ultrasound. Skáànì tí àwọn aláboyún ń lọ ṣe ń gbọ̀n ní ìgbà mílíọ̀nù mélòó kan. Eegun agbárí á gbé irú ìyẹn mì kó tó wọlé, nítorí náà àwọn tó ń bá ọpọlọ ṣiṣẹ́ máa ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí nǹkan bíi 500,000. Afẹ́fẹ́ náà kì í jẹ́ kó kọjá, ló fi jẹ́ pé wọ́n gbọ́dọ̀ fi jẹ́ẹ̀lì tàbí omi sáàárín ẹ̀rọ àti awọ orí.

Bí wọ́n bá kàn da ìró lu orí, kò sí ibi tí kò ní kàn. Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i ni kí ìró náà ti ọ̀pọ̀ ojú wá, kí ti ọ̀kọ̀ọ̀kan má tó nǹkan. Ẹ wo àwọn apẹja tó ń wọ́ ọkọ̀ gun èbúté. Ẹnì kan kò lè mì í. Kódà bí gbogbo wọn bá pé, tí kálukú ń fà nígbà tó wù ú, ọkọ̀ ò ní kúrò lójú kan. Àfi kí ẹnì kan pariwo “ó yá!”, kí gbogbo ọwọ́ fà pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìró yìí gbọ́dọ̀ dé ojú kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí wọ́n ti pàdé nìkan ni wọ́n ti ń lágbára. Ibi tí wọ́n gbà kọjá kò ní fura. Agbárí ló fẹ́ da ètò náà rú, torí ibìkan nípọn, ibìkan fẹ́lẹ́, orí ẹnì kan kò sì jọ ti ẹlòmíì. Wọ́n á kọ́kọ́ fi MRI, ẹ̀rọ tó ń fi mágnẹ́ẹ̀tì ya àwòrán inú ara, wo inú orí náà, kọ̀ǹpútà á wá ṣírò èyí tó yẹ kó tètè gbéra àti èyí tó yẹ kó dúró díẹ̀.

Nǹkan méjì tí kò jọra ló ń jẹ́ focused ultrasound, ibẹ̀ sì ni ìròyìn ti máa ń kó ènìyàn ṣìnà. Àkọ́kọ́ ń jó. Orísun ìró 1,024 ló wà lára ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń mú ojú kan gbóná débi tí ẹran ọpọlọ ibẹ̀ á kú, kò sì ní padà mọ́. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2016 fún àwọn tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Kó tó dìgbà náà, ní 2009, àwọn dókítà ní Zurich, ní Switzerland, ti gbé èsì jáde lórí ènìyàn 9 tó ní ìrora bárakú látara àwọn iṣan tó ń gbé ìròyìn, tí wọ́n fi ìró jó ojú kan nínú thalamus wọn, ibi tí ìròyìn ara ń gbà kọjá láàárín ọpọlọ.

Èkejì ni mò ń bá bọ̀. Agbára rẹ̀ kéré, kò jó ohunkóhun. Díẹ̀díẹ̀ ni ìró ń wọlé, á dáwọ́ dúró, á tún wọlé, á máa tẹ ara sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé títẹ̀ yìí ló ń ṣí àwọn ihò tíntìntín tí àwọn èròjà bíi sodium àti potassium ń gbà wọlé jáde lára sẹ́ẹ̀lì, àmọ́ àríyànjiyàn kò tíì tán lórí ẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná o. Láti 1958 ni onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Fry àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Illinois, ní Amẹ́ríkà, ti fi ìró dín ìròyìn tó ń ti ojú lọ sínú ọpọlọ ológbò kù, tó sì padà bọ̀ sípò fúnra rẹ̀.

Ní 2024, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Utah sọ ohun tí wọ́n fi ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Diadem ṣe. Anterior cingulate yẹn gan-an ni wọ́n dojú rẹ̀ kọ. Ènìyàn 20 tó ní ìrora bárakú ló jókòó sí i lẹ́ẹ̀mejì, ìṣẹ́jú 40 lẹ́ẹ̀kan: ìgbà kan jẹ́ ìró gidi, ìgbà kan jẹ́ ẹ̀tàn. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, 60% nínú wọn ní ìrora àwọn ti rọlẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn ti ẹ̀tàn, 15% ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ yẹn pọ̀, inú mi sì dùn sí i. Àmọ́ ènìyàn 20 kò tó láti fi gba oògùn sílé. Ó yẹ kí wọ́n dán an wò lára ọgọ́rọ̀ọ̀rún, kí wọ́n sì tọ́jú wọn fún oṣù púpọ̀ kí wọ́n mọ bí ara tó tù wọ́n ṣe máa pẹ́ tó.

Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà á pọ̀ mọ́ èyí tí físíò fi ń ra ìbàdí tàbí orúnkún. Ultrasound ni ìyẹn náà, àmọ́ ẹran ara ibẹ̀ ló ń bá ṣiṣẹ́, kò débi ọpọlọ. Bí ẹnì kan bá gbé ẹ̀rọ kékeré wá sójà, tó ní láti orí ni òun ti ń fi ìró wo ẹ̀yìn dídùn, ẹ béèrè MRI tó fi mọ ojú ibi tó fẹ́ kọ ẹ̀rọ náà sí. Ẹ má sì torí rẹ̀ fi oògùn tí dókítà kọ fún yín sílẹ̀. Tó bá wá jẹ́ pé ẹ̀yìn tó ń dùn náà ti ń mú ẹsẹ̀ rọ, tàbí ìtọ̀ kò ṣeé mú mọ́ra mọ́, ọ̀rọ̀ ìró kọ́ nìyẹn. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé onítọ̀hún lọ lọ́jọ́ náà.