Ọmọ Ṣáínà nínú ilé òyìnbó: ta ló mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i?

Ìbéèrè: Ọmọ mi ní ọ̀rẹ́ kan ní yunifásítì ní Amẹ́ríkà. Ojú ará Ṣáínà ló ní, orúkọ òyìnbó ló ń jẹ́, kò gbọ́ èdè Ṣáínà. Ó ní òun ò mọ ọjọ́ ìbí òun gan-an. Báwo nìyẹn ṣe jẹ́?

Ìdáhùn: Ọmọ àgbàtọ́ ni. Láàárín 1992 tí òfin Ṣáínà fàyè gba àwọn ará òkè òkun láti gba ọmọ ibẹ̀ tọ́ àti 2024 tí ìjọba ibẹ̀ fòpin sí i, ọmọ tó lé ní 160,000 ni wọ́n gbà tọ́. Nǹkan bí ìdajì wọn ló lọ sí Amẹ́ríkà, obìnrin ló sì pọ̀ jù.

Ẹnu géètì, inú ọjà tàbí ẹ̀gbẹ́ àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n ti sábà máa ń rí wọn, nínú aṣọ tí wọ́n fi wé wọn. Ní ilé ìtọ́jú ọmọ aláìlóbìí tí ìjọba ní, wọn a wò ó bóyá ìwọ́ ọmọ náà ti já, wọn a sì fojú díwọ̀n ọjọ́ ìbí fún un. Àwọn náà ló ń sọ ọ́ lórúkọ. Ní ilé ìtọ́jú mìíràn, orúkọ ìdílé kan náà ni gbogbo ọmọ ń jẹ́, bíi Dang, tó ń tọ́ka sí Ẹgbẹ́ Kọ́múníísì tó ń ṣèjọba. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé tí wọ́n wò fún àwọn wọ̀nyí, ilé ìjọba ni.

Ìbéèrè: Ṣé àwọn tó bí wọn ò fẹ́ wọn ni?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ létí ọmọ náà. Láti nǹkan bí 1980 títí di 2015, ọmọ kan ni òfin gba tọkọtaya láàyè láti bí. Ní ọ̀pọ̀ abúlé, ẹni tí àkọ́bí rẹ̀ jẹ́ obìnrin lè bí ẹyọ kan sí i. Ẹni tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ á san owó ìtanràn ńlá; wọ́n sì fi tipátipá ṣẹ́yún fún àwọn mìíràn. Bẹ́ẹ̀, ọmọkùnrin ni àgbẹ̀ tí kò ní owó ìfẹ̀yìntì gbójú lé lọ́jọ́ ogbó. Ẹ̀ṣẹ̀ ni gbígbé ọmọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, nítorí náà ìyá kò jẹ́ kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀. Àwọn mìíràn fi bébà pupa kékeré há aṣọ ọmọ, wọ́n kọ ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n bí i sí i.

Kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni wọ́n gbé sílẹ̀. Ní Hunan, agbègbè kan ní Ṣáínà, kóòtù dá àwọn kan lẹ́bi ní 2006 torí pé wọ́n ń ta ọmọ fún ilé ìtọ́jú. Ìwé ọmọ bẹ́ẹ̀ á máa sọ pé wọ́n rí i he ni.

Ìbéèrè: Ṣebí ó ti wà ní Amẹ́ríkà, kí ló tún ń bà á nínú jẹ́?

Ìdáhùn: Ó wọ ilé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà, agbáwo bá a sọ èdè tí kò gbọ́, ó yíjú sí ìyá rẹ̀ tó jẹ́ òyìnbó. Ní 2020, nígbà kòrónà, wọ́n bú irú rẹ̀ lójú pópó, kò sì sí ẹni tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí nínú ilé tí ì bá bi. Ká wá máa sọ fún un pé kó máa dúpẹ́? Ó dùn mí.

Ìbéèrè: Ṣé ó lè rí àwọn tó bí i?

Ìdáhùn: Àwọn kan ti rí òbí wọn. Wọ́n ń tu itọ́ sínú ìgò kékeré fún àyẹ̀wò DNA, wọ́n ń pín ìwé káàkiri ìlú tí wọ́n ti rí wọn. Wọ́n tún ń wá ìwé ìròyìn àtijọ́, nítorí ilé ìtọ́jú gbọ́dọ̀ polongo ọmọ kó tó di pé wọ́n fà á lé alágbàtọ́ lọ́wọ́: àwòrán kékeré, ibi tí wọ́n ti rí i, ọjọ́ tí wọ́n rí i. Fún ọ̀pọ̀ wọn, àwòrán yẹn ló pẹ́ jù tí wọ́n ní nípa ara wọn.